Èèpo Ọsàn Àpò Mẹ́ta

Orúnkún mi ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń gbé ọṣẹ lérí káàkiri ọjà Bouaké, lókè Abidjan, ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń kó wá láti ìlú wa, ọṣẹ funfun tí wọ́n ń sè níbí, títí mo fi lọ́kọ, títí mo fi bímọ, títí àwọn ọmọ náà fi bá tiwọn lọ. Lọ́jọ́ kan mo sọ igbá kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà mi kan ní àdúgbò Koko, mo tajà tán, mo fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ọkọ oníbàárà náà àti àlejò rẹ̀ ló fà mí dìde bí ẹni fa àpò ìrẹsì. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní kí n má gbé ẹrù lérí mọ́ láyé mi. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ìwé ẹlòmíràn ló tilẹ̀ ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, gbọ́, ó pè mí lórí fóònù.

"Ó parí nìyẹn. Kó ẹrù rẹ, mú Màmá dání, kí ẹ máa bọ̀ nílé."

Ilé. Bouaké ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pè mí ní àlejò. Anàgó ni àwọn ará ibí ń pe èmi àti gbogbo Yorùbá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé mi, wọ́n mọ ẹni tó bí mi. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó fún mi láyè. Ó rò ó títí, ó ní òun fún mi di ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá rí iṣẹ́ tí mo lè jókòó ṣe títí di ìgbà náà, kí n dúró. Bí n kò bá rí i, òun á wá kó wa fúnra òun.

Ọkùnrin kan ń gbé àgbàlá wa ní Dar-es-Salam, àdúgbò kan ní Bouaké, nígbà náà, ó ń tún fíríìjì ṣe. Kò tíì pẹ́ tó ti Nàìjíríà dé. Yàrá ẹnu géètì ló gbà, òkú fíríìjì ló sì kún iwájú rẹ̀, òmíràn ò ní ìlẹ̀kùn, òmíràn ò ní inú. Màmá mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Ará Ìsẹ́yìn lọ, wọ́n sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sọ Faransé bí ẹni tí eegun há lọ́fun.

Ní ọ̀sán kan, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, à ń mu ọsàn. Ẹ ó ti rí bí àwọn obìnrin ṣe ń bó o lẹ́bàá títì. Abẹ mímú ni wọ́n fi ń fá a, awọ òkè tó dúdú bí ewé yẹn nìkan ni wọ́n ń fá, á máa já bọ́ gbọọrọ gbọọrọ sílẹ̀, ọsàn á wá ku funfun báláú lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á gé e lórí, ìwọ á máa fún un mu. Ará Ìsẹ́yìn ṣa èèpo kan nílẹ̀. Ó ṣá ìṣáná, ó ká èèpo náà mọ́ra, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Iná náà bú jáde! Ó ta pàrà bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá lu irin pupa.

"Àsìtàgafìrù-lláhì!" Màmá mi ti ju ọsàn ọwọ́ wọn sẹ́yìn. "Ará Ìsẹ́yìn, kí lo fi sínú èèpo yẹn?"

"N ò fi nǹkan kan sí i, Màmá Àgbà. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òróró ni."

"Òróró ta ni?"

"Òróró ọsàn, mà."

Mo gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣe é fúnra mi. Pàrà! Mo tún ṣe é. Pàrà! Ẹnu mi ò lè padé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń mu ọsàn, tí mo ń fi ẹsẹ̀ tú èèpo rẹ̀ ká, tí mo ń gbá a dà sí ààtàn, kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé nǹkan tó lè gbaná báyìí wà nínú rẹ̀. Ará Ìsẹ́yìn ní ọ̀gá kan tí òun bá ṣiṣẹ́ rí a máa fa òróró náà jáde, ó ń tà á fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti ìpara. Ó ní nínú ilé ló ti ń ṣe é. Ó ní orí àpótí ló máa ń jókòó lé.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ mí létí.

Mo yọ̀ǹda ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ ìkómọ. Ará Ìsẹ́yìn lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó yọ páìpù bàbà lára òkú fíríìjì kan, ó fọ̀ ọ́ nínú, ó fọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó sì jó o mọ́ ihò náà. Ó wá ká páìpù ọ̀hún sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù bí ejò tó ká jọ, ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yọ nísàlẹ̀. Bí omi bá ń hó nínú ìkòkò, ooru rẹ̀ á gba inú èèpo kọjá, á kó òróró dání, á gba páìpù lọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni òtútù á ti mú un, á padà di omi, á máa kán tó, tó, tó. Òróró á wá léfòó lókè. Ìyẹ̀fun tí a fi omi pò ni a fi dí etí ìdérí kí ooru má baà sá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí òróró ṣe léfòó báyìí, tó mọ́ gaara, inú mi dùn dé ibi pé mo sáré mú ife fóòmù funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ta kọfí, mo da òróró náà sí i. Mo yíjú kí n pe Màmá. Kí n tó yíjú padà, ìdí ife ti lọ. N kò sọ pé ó jò o. Mo ní ìdí ife lọ! Ó yọ́ dànù bí ìgbà tí iyọ̀ bá bọ́ sómi, òróró mi sì ti wọlẹ̀ ṣin. Mo dúró, mo di òrùka ife lọ́wọ́ mú.

"Ṣé nǹkan tó ń jẹ ife lẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn fi para?" ni Màmá bèèrè.

Ará Ìsẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òróró ọsàn kì í pa awọ èèyàn lára tí a bá po díẹ̀ mọ́ ọṣẹ, àmọ́ òun àti irú ife yẹn ò lè gbé pọ̀. Láti ọjọ́ náà, nínú ìgò onígíláàsì nìkan ni à ń rọ ọ́ sí.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí a ó ṣe rí i gbà sí i. Bí a bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, èmi á fi èédú fa ìlà sára ògiri, gígùn ìlà náà á bá gíga òróró inú ìgò dọ́gba. A kọ́kọ́ ń da èèpo sínú omi gan-an, ó ń rùn bí èso tí wọ́n sè. A wá fi ajere gbé e kúrò lójú omi, kí ooru nìkan máa kan án. Ìlà gùn sí i. A koná mọ́ ọn, ìlà kúrú. A dín iná kù, a fi sùúrù jókòó tì í, ìlà gùn. Èmi fúnra mi bó ọsàn kan nílé, mo bó o nípọn pẹ̀lú funfun rẹ̀, ìlà kúrú gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èèpo àwọn obìnrin ẹ̀bá títì, tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, ló dára jù lọ láyé yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Nígbà tó yá, ògiri mi dà bí ògiri ilé kéwú.

Obìnrin kan tó ń ṣe ọṣẹ ní ìlú Béoumi gbọ́ nípa wa lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn tó ń bó ọsàn. Ẹ̀yà Baoulé ni, ṣùgbọ́n èdè Júlà la jọ ń sọ. Àwọn tó ń tọ́jú ẹja lọ́hùn-ún ló ń ṣe ọṣẹ fún, nítorí òórùn ẹja kì í kúrò lọ́wọ́ wọn bọ̀rọ̀. Kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tú ẹja yíyan kan nínú àpò rẹ̀, ó fi ra ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí n bu omi àti ọṣẹ wá, kí n kán òróró díẹ̀ sí ọṣẹ náà. Ó fọ ọwọ́. Ó gbọ́ òórùn ọwọ́ kan, ó gbọ́ òórùn èkejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ó na ọwọ́ sí Màmá mi.

Màmá gbóòórùn rẹ̀. "Ẹja ọ̀hún dà?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó yọ ìgò kékeré kan, ìgò oògùn ikọ́ tó ti fọ̀, ó gbé e fún mi. Ó ní òun á padà wá láàárọ̀ Sátidé. "Bí mo bá bá a ní kíkún, ọwọ́ yín ni n ó ti máa rà á. Bí kò bá kún, n ó lọ ra ti Abidjan, kò sí ìjà."

Oṣù tí òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ti ń sún mọ́ tòsí. Mo mọ̀ pé inú ìgò yẹn ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, a ti kó èèpo tútù jọ, àpò mẹ́ta. Àwọn tó ń ta ẹja ní Béoumi wá pe Ará Ìsẹ́yìn sí iṣẹ́ firísà, ó ní òun á dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Bó ṣe ń gun mótò-tasí, ọ̀kadà ibí, ló ń sọ pé, "Tàǹtí, ẹ tètè gbé e kaná o. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀." Kò sọ ìdí rẹ̀. Èmi náà ò bi í.

Ní kété tó lọ, Màmá ti ọwọ́ bọ inú àpò.

"Omi ló kún inú èyí. Ẹ̀yin ń se omi, ẹ tún ń retí òróró. Ìgbà wo lo rí èlùbọ́ tútù rí?"

Mo dúró, mo rò ó. Òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn lójú mi. Gbogbo ohun tí àwọn baba wa kó wá sí Bouaké láti ilé ni wọ́n ti sá: èlùbọ́, ata, ilá, ewé oògùn. Nínú ilé wa, bí a bá fẹ́ kí nǹkan le, kí ó kì, kí ó tó wa í lò, oòrùn là ń gbé e sí. Mo ní bí èèpo yìí bá gbẹ, àpò mẹ́ta á di àpò kan, omi á lọ, òróró nìkan á kù níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan la ó gbé e kaná tí ìgò á kún. Mo tilẹ̀ rò ó pé bí Ará Ìsẹ́yìn bá dé, á dọ̀bálẹ̀ fún wa.

Èmi àti Màmá tẹ́ ẹní, a tẹ́ páànù, a tẹ́ gbogbo àpò ìrẹsì tó wà nílé, a sá èèpo ọsàn lọ súà láti ẹsẹ̀ máńgòrò títí dé géètì. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ, oòrùn mú bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Áà, òórùn náà! Ó gba àgbàlá, ó gba òpópónà. Àwọn ọlọ́mótò ń dẹ̀rìn lẹ́nu géètì wa. Aládùúgbò wa kan, obìnrin Júlà, yọjú.

"Anàgó, kí lẹ̀ ń ṣe níbí? Ṣé àlùjánnà lẹ̀ ń kọ́ ni?"

"Iṣẹ́ wa ni," ni Màmá dáhùn. Wọ́n ti wé gèlè tuntun, wọ́n gbé àga síta, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo, wọ́n ń gba ìkíni. Àwọn ènìyàn ń mí kanlẹ̀, wọ́n ń kí wọn kú iṣẹ́. Inú mi dùn débi pé ọjọ́ méjèèjì yẹn, n kò rántí orúnkún.

Láàárọ̀ Jímọ̀, mo gbé ìkòkò kaná. Èèpo ti gbẹ, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Mo dín iná kù bó ti yẹ, mo jókòó. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó kán, ó kán. Mo tẹjú mọ́ ojú omi. Nǹkan kan ń dán níbẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Mo ní kò tíì yá. Omi kún àwo àkọ́kọ́, mo pààrọ̀ rẹ̀. Irun ìpéǹpéjú náà ni. Mo tú ìdérí, mo fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù bóyá ó dí, kò dí. Mo kó èèpo tó kù sí i, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tán, mo rọ ohun tí mo rí sínú ìgò. Kò bo ìdí ìgò. Àpò mẹ́ta! Mo wo Màmá, Màmá wò mí.

"Ẹnìkan ti jí i," ni wọ́n wí.

"Màmá, báwo ni wọ́n ṣe máa jí òróró inú èèpo?"

A ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí Ará Ìsẹ́yìn wọlé, àpò rẹ̀ ṣì wà léjìká. Ó rí ẹní tí a tẹ́. Ó mú èèpo kan, ó ṣẹ́ ẹ, ó dún káà. Ó gbé e símú.

"Ta ló sá a?"

Mo fọwọ́ kan àyà ara mi.

"Tàǹtí, ǹjẹ́ ó ń ta sánsán nígbà tẹ́ ẹ sá a?"

"Sánsán kẹ̀?" Màmá gbà á lẹ́nu mi. "Gbogbo Dar-es-Salam ló gbọ́ ọ. Wọ́n ń wá láti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí!"

Ó rọra sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. "Màmá Àgbà, òórùn yẹn náà ni òróró yín. Kò sí òmíràn. Ó ń fò lọ ni. Òun lẹ gbé fún wọn, wọ́n fà á símú, wọ́n bá tiwọn lọ."

Mo jókòó sórí àpótí. Ọjọ́ méjì gbáko. Mo rí ojú gbogbo wọn, obìnrin Júlà yẹn, àwọn ọlọ́mótò, bí wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀ tí wọ́n ń dijú. Màmá tú gèlè tuntun kúrò lórí, wọ́n ká a sórí itan.

"Wọ́n sì ń kí mi kú iṣẹ́!" ni wọ́n wí. "Subuhánà-llàhi. Wọ́n ń mu ún níwájú mi, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́."

Ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè rẹ́rìn-ín. Ará Ìsẹ́yìn ló ní, "Jímọ̀ lònìí." Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá kírun tán, àwọn èèyàn á tú jáde nínú oòrùn pẹ̀lú òùngbẹ, iwájú mọ́ṣáláṣí sì ni gbogbo ọlọ́sàn máa ń pàdé.

Mo gbé àpótí mi lọ. Mo jókòó sáàárín àwọn obìnrin náà, mo ya ẹnu àpò sábẹ́ ọwọ́ wọn kí èèpo má tilẹ̀ fojú kan ilẹ̀. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

"Anàgó, ọsàn ńkọ́? Ṣé o ò ní mu ọsàn ni?"

"Ẹ̀yin ẹ mu ọsàn. Ẹ fún mi lẹ́wù rẹ̀."

Nígbà tí èrò túká, àpò kan kún. Aṣọ tútù ni mo fi bo orí rẹ̀ lórí mótò-tasí délé. Ará Ìsẹ́yìn ti gbé omi kaná. A gé èèpo wẹ́wẹ́, a dín iná kù, a dí etí ìdérí, a ò sì bára wa sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fi ń pe ìrun mọ̀gárìbì, òróró inú ìgò ti kọjá ìdajì díẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Èèpo ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó kù. Òróró ẹ̀pà wà lórí pẹpẹ, àwọ̀ wọn jọra díẹ̀. Mo ti gbé e. Mo ti ṣí i. Màmá gba ìgò òróró ẹ̀pà lọ́wọ́ mi.

"A ti fi oòrùn bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mélòó lo fẹ́ bà á jẹ́?"

Ojú tì mí. Ẹ̀rù ara mi bà mí, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ta ọṣẹ tí n kò lú rí.

Láàárọ̀ Sátidé, obìnrin Béoumi dé. Ó gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Mo ní kó kún."

Mo ṣàlàyé fún un pátá, n kò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan gèlè tuntun Màmá. Mo retí pé á bú sẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ síbi èèpo gbígbẹ, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹ̀kún ọwọ́ kan, ó gbé e símú pẹ́. Ó tú u sílẹ̀. Ó sanwó ohun tó wà nínú ìgò, ó ní òun á fi dán ọṣẹ wò. Kò sọ pé òun á padà wá. Kò sì sọ pé òun ò ní í padà wá. Ó gun ọkọ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi pè, ó ní òjò ti rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo di ìwọ̀nba díẹ̀. Mo gbé ìkòkò ìkómọ wá, mo fẹ́ kí Ará Ìsẹ́yìn yọ páìpù rẹ̀ kí n lè fọ̀ ọ́ kó sínú àpò. Ó ní òun á yọ ọ́ lọ́la. Lọ́la, ó ní ọ̀túnla. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í falẹ̀ ni.

Ọ̀túnla náà ni awakọ̀ kan tó ń ná Béoumi gbé páálí kan wọlé, ó bi wá pé ta ni Anàgó tó ń se èèpo ọsàn. Mo tú u. Ọṣẹ kan wà níbẹ̀, wọ́n fi ìwé wé e. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìgò wà. Ìgò oògùn ikọ́, òfìfo, tó mọ́. Mo kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ni.

"Ó ní kí ẹ rọ ọ́ kún," ni awakọ̀ náà wí. "Gbogbo ẹ̀. Ó ní kí n béèrè ọjọ́ tí n ó wá kó o."

Mo wo Màmá. Màmá ti la ẹnu sílẹ̀. Ará Ìsẹ́yìn dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárín àwọn òkú fíríìjì. Mo ń ka ìgò, mo ń tún un kà, bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn á sọ pé àṣìṣe ni.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ wá. Mo ti rí iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Ìjókòó?"

"Ìjókòó ni. Èèpo ọsàn ni."

"Kí lo pè é?"

"Èèpo ọsàn, ẹ̀gbọ́n."

"Èyí tí à ń dà nù?"